Ọta tó wúwo, ẹ̀tù tó ń rọra jó

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1925, àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àjọyọ̀ òmìnira wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sin màlúù, ọmọ ọdún 26, jí láàárọ̀, ó mú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín sófuurufú. Ẹ ṣáà mọ bí inú èèyàn ṣe máa ń dùn láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Ó kọ́kọ́ yìn ín, kò sí wàhálà. Ó tún yìn ín. Ariwo tó jáde lọ́tẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí pa. Ìgbà tó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀, apá òkè ìbọn náà ti fò lọ.

Orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà ni Elmer Keith. Kò kú, ojú rẹ̀ ò sì fọ́. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn yìí: ó jókòó, ó kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn American Rifleman, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, wàhálà àárọ̀ ọjọ́ náà ti di ìbọn tí gbogbo ayé padà wá rí lọ́wọ́ Clint Eastwood nínú fíìmù Dirty Harry.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Thread tòní gùn. Ìtàn ẹ̀tù ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Sisí, kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ò ṣàjèjì sí mi o. Ọdẹ ni bàbá tó bí màmá mi. Inú àdó kékeré kan ni wọ́n ń kó ẹ̀tù sí, ìdérí ìgò kan báyìí ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdérí yẹn nìkan ni o. Tí ìdérí yẹn bá sọnù, wọn ò ní lọ sígbó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àgbàlagbà kàn ń ṣe agídí ni. Àfìgbà tí màmá mi ṣàlàyé fún mi ìdí tí àtàǹpàkò ọ̀tún Bàbá Àlàbá, ọ̀rẹ́ wọn, ò fi sí mọ́. Bàbá Àlàbá fẹ́ pa ẹran ńlá, wọ́n fi ọta tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ sínú ṣakabùlà wọn, wọ́n sì bu ẹ̀tù kún ẹ̀tù. Ìbọn bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bàbá Àlàbá àti Elmer Keith ò mọ ara wọn rí. Àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn, torí tí ibí yìí ò bá yé yín, ìyókù ò ní dùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀tù ń "bú" bíi bọ́ǹbù. Rárá. Ẹ̀tù ń jó ni, àmọ́ ó ń yára jó gan-an. Bó ṣe ń jó ló ń di gáàsì, gáàsì náà sì nílò àyè. Ibi kan ṣoṣo tó lè gbà ni ẹ̀yìn ọta, torí ọta nìkan ló lè sún. Irin yí i ká níbi tó kù. Gáàsì á wá ti ọta gba inú ọ̀pá ìbọn jáde.

Ṣé ẹ ti bá wọn ti mọ́tò tó kọ̀ tí kò stáàtì rí? Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, bó o bá sáré fi èjìká kọ lù ú lẹ́ẹ̀kan, á lọ. Ṣùgbọ́n dáńfó tí èrò kún inú rẹ̀ ńkọ́? Sáré fi èjìká kọ lu ìyẹn kó o wò ó. Dáńfó ò ní mira, èjìká ẹ ló máa yẹ̀. Ohun tí àwọn kọ̀ńdọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n á rọra bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní dáwọ́ dúró, agbára á máa pọ̀ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń yí.

Ọta tó wúwo ni dáńfó yẹn. Kì í tètè sún. Tí ẹ̀tù ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń yára jó, gbogbo gáàsì á ti jáde tán nígbà tí ọta ò tíì kúrò lójú kan. Ibo ni gáàsì fẹ́ gbà? Irin ni yóò kọjú sí. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé bí gáàsì bá ṣe ń fún mọ́ra tó ni ẹ̀tù tó kù ṣe máa ń jó kíákíá sí i. Wàhálà á wá máa bí wàhálà, láàárín àkókò tí kò tó kéèyàn ṣẹ́jú.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "ẹ̀tù wo ni kí n lò?" fi jẹ́ ìbéèrè ẹ̀mí fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe kátíríìjì. Kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó nìkan. Bó ṣe ń jó ló ṣe kókó.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yín padà sẹ́yìn ná, torí kì í ṣe orí ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Orí ìbọn àgbá ni.

Ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1844. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Princeton kó àlejò bíi 400 lọ ṣe fàájì lórí odò Potomac. Ààrẹ John Tyler fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi àgbá ńlá kan han àwọn àlejò, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni "Peacemaker", ìyẹn Onílàjà. (Ẹ gba mí o, àgbá tí wọ́n ń pè ní Onílàjà!) Wọ́n kọ́kọ́ yìn ín, ó dára. Ìgbà tí wọ́n máa tún yìn ín, ó bẹ́. Èèyàn mẹ́fà kú lójú ẹsẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Abel Upshur, wà nínú wọn. Mínísítà ọmọ ogun ojú omi, Thomas Gilmer, tí kò tíì pé oṣù kan lórí oyè, náà wà níbẹ̀. Armistead, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹrú Ààrẹ, náà kú. Tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó kú, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kà fún un, kò sí ti bàbá. Ààrẹ yè é torí pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló wà.

Gist díẹ̀ ná: ọ̀kan nínú àwọn tó kú ni David Gardiner. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ààrẹ Tyler gbé Julia, ọmọ Gardiner, níyàwó. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀bi irin ló pọ̀ jù nínú ti Princeton, wọn ò rọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Thomas Rodman gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà tuntun láti máa rọ irin àgbá. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè tó yẹ káwọn èèyàn ti béèrè tipẹ́: ṣé irin nìkan ló lẹ́jọ́, àbí ẹ̀tù náà?

Ẹ̀tù dúdú ni gbogbo ayé ń lò nígbà yẹn: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ saltpetre. Rodman ṣe irinṣẹ́ tó lè fi mọ bí gáàsì ṣe ń ti irin tó nínú àgbá, ó sì rí i pé ìwọ̀n hóró ẹ̀tù ló ń sọ bí á ṣe jó. Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ èyí. Igi wẹ́wẹ́ á jó fòò, á tán. Ìtì igi á rọra jó di alẹ́. Torí náà Rodman ní kí wọ́n máa ṣe hóró ẹ̀tù ńláńlá fún àwọn àgbá tó ń ju ọta ńlá.

Kò dúró síbẹ̀. Ó lu ihò sínú ẹ̀tù tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bí àkàrà. Kí nìdí? Hóró tí kò níhò, ìta rẹ̀ ló ń jó, bó ṣe ń jó ló ń kéré sí i, gáàsì tó ń jáde náà á sì máa dín kù. Tó bá ní ihò, inú ihò náà á máa jó, ihò á máa fẹ̀, ibi tí iná ti ń mú á máa gbòòrò. Gáàsì á wá pọ̀ nígbà tí ọta ti ń sáré lọ, tí àyè ti wà. Kọ̀ńdọ́ dáńfó mi nìyẹn! Àwọn ọdún 1850 sí 1861 ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní ọpọlọ, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀tù dúdú fúnra rẹ̀ ò pẹ́ kógbá wọlé. Ní 1884, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, láti ara òwú tí wọ́n rẹ sínú ásíìdì. Ní 1887, Alfred Nobel, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀bùn Nobel, da nitroglycerin pọ̀ mọ́ irú ẹ̀ láti ṣe tirẹ̀. Díẹ̀ nínú ẹ̀tù tuntun yìí lágbára ju ẹ̀tù dúdú púpọ̀ lọ. Wọ́n lè gé e pẹlẹbẹ, wọ́n lè ṣe é bí ọ̀pá tín-ín-rín, wọ́n lè fi nǹkan pa á lára kí ìta rẹ̀ má bàa yára gbiná. Ó wá di pé oríṣiríṣi ẹ̀tù ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwà tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe kátíríìjì nílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gàù. Ojú ò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín púpọ̀ nínú wọn. Òmíràn dà bí eérú, òmíràn dà bí irúgbìn kékeré, àmọ́ kò sí ẹni tó lè wo ẹ̀tù nínú àwo kó sọ pé "èyí ń yára, èyí ń falẹ̀." Àwọn kan ò tiẹ̀ bìkítà. Bí wọ́n ṣe ń bu ẹ̀tù dúdú kún inú kòròfo kátíríìjì ni wọ́n ṣe bu tuntun kún un. Ìbọn wọn bẹ́.

Fún ìbọn ìléwọ́, ẹ̀tù tí àwọn ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ gbé jáde ni èyí tó ń yára jó. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni Bullseye, tó jáde ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ó bọ́gbọ́n mu: ọ̀pá ìbọn ìléwọ́ kúrú, ẹ̀tù gbọ́dọ̀ tètè ṣiṣẹ́ ẹ̀ kí ọta tó jáde. Fún ọta fúyẹ́, tàbí ọta tí wọn ò fẹ́ kó sáré jù, kò sí wàhálà. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó.

Ó ní ẹ̀tàn kan o. Bullseye tí èèyàn nílò kéré débi pé kì í dé ibì kankan nínú kòròfo tó gùn. Tí fóònù bá dún, tí ọmọ bá pè ẹ́, tó o wá gbàgbé pé o ti bu tirẹ̀, tó o tún bu òmíràn lé e, kò ní kún. O ò ní mọ̀. Wàá fi ọta dé e, ó di ọjọ́ tó o bá yìn ín.

Ẹ̀tù tó ń rọra jó ò lè tan èèyàn báyẹn, torí èyí tí wọ́n nílò pọ̀ tó láti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kòròfo. Tó o bá bu ún lẹ́ẹ̀mejì, á dà sórí tábìlì. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ìwà ẹ̀tù náà fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ ẹ.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Keith.

Ọdún 1899 ni wọ́n bí i, ní Missouri, àmọ́ Montana àti Idaho ló ti gbé ọ̀pọ̀ ayé rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, ilé tí wọ́n dé sí ní Missoula jóná, iná sì bà á lára jẹ́ gan-an, pàápàá ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọmọ tí iná ti jó tẹ́lẹ̀ ló dàgbà tó lọ fẹ́ràn ẹ̀tù. Ṣé ẹ rí ayé?

Màlúù ló ń sìn, kò lówó lọ́wọ́. Kátíríìjì inú ìsọ̀ wọ́n, torí náà ó ń ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn láti sọ: wọ́n á tún kòròfo tí wọ́n ti lò ṣe, wọ́n á yọ kápù tó ti jó, wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á wọn ẹ̀tù, wọ́n á tẹ ọta mọ́ ọn lórí. Ọta náà, òjé tí wọ́n yọ́ lórí iná tí wọ́n dà sínú irin tó ní àwòrán ọta nínú ni. Lórí tábìlì ilé ìdáná lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin Amẹ́ríkà gbà kéèyàn ṣe é fún ara rẹ̀. Tiwa ò gbà bẹ́ẹ̀ o, ẹ má lọ tọrọ wàhálà, kẹ́ ẹ ní èmi ni mo kọ́ yín.

Ohun tí Keith ń wá ni ìbọn ìléwọ́ tó lè pa ẹran ńlá láìjẹ́ pé ẹran náà sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ọta ńlá tó wúwo ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan nígbà yẹn sọ pé eré ló ṣe kókó, pé ọta kékeré tó sáré ti tó. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí jà nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjà tó le ju ti Wizkid FC àti 30BG lọ.

Ìbọn tó bẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1925 jẹ́ Colt .45. Ọdún 1873 ni kátíríìjì yẹn ti jáde, fún ẹ̀tù dúdú. Irin roboto kan wà láàárín irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tó ń yí, ihò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, kátíríìjì kan nínú ihò kan. Ihò .45 fẹ̀, torí náà irin tó ṣẹ́kù láàárín ihò kan sí èkejì ò nípọn. Keith fi ọta tí wọ́n ṣe fún ìbọn gígùn sí i, tó wúwo ju èyí tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún, ó sì fi ẹ̀tù dúdú tó pọ̀ tì í lẹ́yìn. Irin tín-ín-rín yẹn ò lè gbà á.

Ohun àkọ́kọ́ tó yí padà ni ìbọn. Ó fi .45 sílẹ̀ fún .44 Special, tó jáde ní 1907. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ihò méjèèjì ò tó nǹkan lójú, àmọ́ ihò .44 kéré díẹ̀, irin tó yí i ká sì nípọn díẹ̀ sí i. "Díẹ̀" yẹn ló gbà á là.

Ohun kejì ni ọta. Ó ya àwòrán tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Lyman ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọta òjé tí iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó wúwo tó 250 gréènì. Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù níbẹ̀. 7,000 rẹ̀ ló wà nínú páùnù kan. 250 gréènì jẹ́ bíi gíráàmù 16. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, bébà A4 mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n ó tó ìlọ́po méjì ọta ìbọn 9mm tí ọlọ́pàá ń gbé kiri.

Ohun kẹta ni ẹ̀tù, ibẹ̀ ló sì ti pẹ́ jù. Pẹ̀lú Bullseye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó di pé 250 gréènì sáré dé ibi tó fẹ́, irin á ti fẹ́ bẹ́. Ó lo ẹ̀tù kan tí ilé iṣẹ́ DuPont ń ṣe, wọ́n ń pè é ní No. 80, ìyẹn ń rọra jó díẹ̀. Ó sàn, àmọ́ kò tíì tó o.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Hercules gbé ẹ̀tù tuntun jáde, orúkọ rẹ̀ ni 2400. Kí ẹ mọ̀ pé wọn ò ṣe é fún ìbọn ìléwọ́ rárá. Ìbọn gígùn kékeré kan, .22 Hornet, ni wọ́n ní lọ́kàn. Nítorí náà ó ń rọra jó gan-an lójú ẹni tó ń lo ìbọn ìléwọ́. Tó o bá fi ọta fúyẹ́ sí i, tí ẹ̀tù ò sì tó, kì í jó tán, á máa dà jáde lẹ́nu ìbọn bí iyẹ̀pẹ̀. Ó nílò ohun tó máa dá a dúró díẹ̀ kó tó gbiná dáadáa.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ, àbí? Ọta 250 gréènì Keith gan-an ni ohun tó máa dá a dúró. Ìwúwo ọta tó ń bẹ́ ìbọn mọ́ wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ló wá di ohun tí ẹ̀tù yìí nílò láti ṣiṣẹ́. Dáńfó rí kọ̀ńdọ́ ẹ̀.

.44 Special inú ìsọ̀ ń ti ọta jáde bíi ẹsẹ̀ bàtà 750 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Keith pẹ̀lú 2400 ń sún mọ́ 1,200. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, agbára tí ọta náà gbé dání ju ìlọ́po méjì lọ, nínú ìbọn tí ilé iṣẹ́ ò ṣe fún irú ẹ̀.

Mi ò ní kọ iye ẹ̀tù tó lò síbí. Ẹ má wulẹ̀ wá sínú DM. Òun kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn fún gbogbo ayé, ibẹ̀ sì ni ẹnu mi ti kọ ọ́. Keith ò ní irinṣẹ́ bíi ti Rodman. Ara kòròfo ló ń wò lẹ́yìn tó bá yìn ín tán: ṣé ó lẹ̀ mọ́ ihò, ṣé kápù rẹ̀ ti tẹ́ jù. Ìyẹn dà bíi kéèyàn máa wo ojú aláìsàn kó tó mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru tó. Ó ní ìrírí, ó ní sùúrù, ó sì ní oríire. Ẹni tó ka ìwé rẹ̀ ní ìlú míì lè máà ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè jẹ́ ìbọn àtijọ́ bàbá rẹ̀ ló fẹ́ fi gbìyànjú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń ba àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Keith fi ń bẹ̀ wọ́n, tó ń kọ lẹ́tà, pé kí wọ́n ṣe .44 alágbára fún títà. Wọn ò dá a lóhùn. Ní 1935, Smith & Wesson gbé .357 Magnum jáde. Philip Sharpe àti Douglas Wesson ló ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sì fún J. Edgar Hoover, olórí FBI, ní èyí àkọ́kọ́. Ó yára, ọta rẹ̀ sì kéré ju èyí tí Keith ń pariwo lé lórí. Inú rẹ̀ ò dùn tán.

Ó di ìparí 1955 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1956 kí Smith & Wesson àti ilé iṣẹ́ Remington tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ gbé .44 Magnum jáde. Ọta 240 gréènì, eré tó tiẹ̀ ju èyí tí Keith béèrè lọ. Ó tó ọgbọ̀n ọdún sí àárọ̀ ọjọ́ tí ìbọn rẹ̀ bẹ́.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí, Keith ni wọ́n máa ń gbé gẹ̀gẹ̀. Èmi gbà pé ó yẹ. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí tó dára jù lójú mi, kì í ṣe 2400, kì í ṣe ọta Keith. Ohun tí Remington ṣe sí kòròfo ni. Wọ́n fi ìdá mẹ́jọ íǹṣì kan gùn ún ju ti .44 Special lọ. Ìdá mẹ́jọ íǹṣì péré! Bíi milimítà mẹ́ta ni. Nítorí ìwọ̀nba yẹn, kátíríìjì tuntun ò lè wọ inú ìbọn àtijọ́ tó jẹ́ ti .44 Special tán. Á yọrí síta, irin roboto ò ní yí, ìbọn ò ní lè yìn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ohun tó wà lára páálí. Wọn ò kọ "ẹ ṣọ́ra" kí wọ́n wá máa lọ, irin fúnra rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó sọ pé rárá. Bàbá Àlàbá ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ro tiwọn mọ́ tirẹ̀.

Ní 1971 ni Dirty Harry jáde, Model 29 Smith & Wesson tó ń lo .44 Magnum wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á ò tiẹ̀ lè yìn ín gba àpótí kátíríìjì kan tán, bó ṣe ń ta ọwọ́ padà tó. Keith kú ní 1984 ní Idaho. Ilé iṣẹ́ Hercules ta iṣẹ́ ẹ̀tù rẹ̀ fún Alliant ní 1995, wọ́n sì ń ta 2400 títí dòní. Ó ti ní ẹ̀tù míì tó ń bá a du ipò báyìí, tó tún ń rọra jó jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe kátíríìjì lónìí, tí wọ́n bá mú 2400, kì í bu iye tí Keith kọ sínú ìwé àtijọ́ mọ́. Wọ́n máa ń dín in kù, torí ìwé tuntun tó ní irinṣẹ́ lẹ́yìn ló ń sọ tiwọn fún wọn.

Bùrọ̀dá mi, tá a jọ wo fíìmù yẹn lọ́jọ́ Sunday tí gbogbo eléyìí fi bẹ̀rẹ̀, ti ka thread yìí kí n tó gbé e síta. Ìbéèrè kan ló bi mí: ìdérí tí Bàbá fi ń wọn ẹ̀tù, ibo ló wà báyìí? Mo pe màmá. Wọ́n ní ó ṣì wà nínú àpótí Bàbá, wọ́n fi aṣọ wé e, òun àti àdó náà.